Orí ń fọ́ ọ, ojú rẹ wú, oyún sì wà nínú: ohun tí o máa ṣe kí ilẹ̀ tó ṣú

Òrùka ìgbéyàwó mi ló kọ́kọ́ sọ fún mi. Oyún mi ti wọ ọ̀sẹ̀ 33 nígbà náà, a sì ń gbé ní Mararaba, lẹ́yìn Nyanya, ní ẹ̀gbẹ́ Àbújá. Mo fẹ́ wẹ̀ lálẹ́ ọjọ́ kan, mo fa òrùka náà, kò yọ. Mo fi ọṣẹ sí i, mo fi òróró sí i, ìka mi pọ́n bí ata rodo, òrùka jókòó pa síbẹ̀. Bẹ́ẹ̀, ní ọ̀sẹ̀ méjì ṣáájú, ńṣe ló máa ń yí lọ́wọ́ mi bí mo bá ń fọ aṣọ.

Mo pe màámi ní Òṣogbo. Wọ́n ní kí n má dààmú, pé bí ọwọ́ àti ẹsẹ̀ aboyún bá wú, ọmọkùnrin ló ń bọ̀. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ìyá Háúsá tó máa ń din kòsáì, àkàrà tiwọn, lẹ́nu géètì wa wò mí, ó tún mi wò, ó gbé ṣíbí ọwọ́ rẹ̀ sílẹ̀. "Fuskarki ta kumbura," ló wí. Ojú rẹ ti wú. Ó ti ń rí ojú mi láràárọ̀ fún ọdún méjì, ó mọ bó ṣe máa ń rí. Èmi tí mò ń wo dígí lójoojúmọ́ kò rí i.

Ìwọ tí àyà rẹ ń já lónìí ni mò ń kọ èyí fún, ìwọ tí o ti ń wá nǹkan kiri lórí fóònù láti aago kan òru, tí ọkọ rẹ ń sùn lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ, tí gbogbo ẹbí rẹ sì wà ní Ìbàdàn tàbí Èkìtì. Mi ò ní sọ pé kí o má bẹ̀rù. Ohun tí mo fẹ́ sọ ni pé ẹ̀rù yìí kò ṣeé rò tán lórí bẹ́ẹ̀dì, ọ̀rẹ́ kò sì lè bá ọ dá a lẹ́jọ́. Ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń wọn BP, ìyẹn ìfúnpá ẹ̀jẹ̀, àti ìtọ̀ inú ife ló ń dá a lẹ́jọ́. Má gbé e sùn. Lọ wọ̀n ọ́n.

Kọ́kọ́ mọ ohun tí à ń sọ

Àwọn dókítà ń pè é ní preeclampsia. Ẹ̀jẹ̀ ríru ni, èyí tó bẹ̀rẹ̀ lẹ́yìn tí oyún ti pé ogún ọ̀sẹ̀, tó sì ń ba àwọn ẹ̀yà ara mìíràn jà: kíndìnrín, ẹ̀dọ̀, ọpọlọ, àti ibi ọmọ. Ara ibi ọmọ gan-an ló ti ń bẹ̀rẹ̀. Àwọn iṣan ẹ̀jẹ̀ tó yẹ kó fẹ̀ nínú ilé ọmọ, kí ẹ̀jẹ̀ lè ráyè lọ bọ́ ọmọ, kò fẹ̀ tó bó ṣe yẹ, wàhálà yẹn a sì tàn dé gbogbo ara ìyá. Kì í ṣe nítorí pé o ronú jù. Kì í ṣe iyọ̀ tí o jẹ, kì í sì í ṣe ọwọ́ ẹnikẹ́ni nílé ọkọ rẹ. Bí wọn kò bá tètè mú un, ó lè di gìrì. Gìrì yẹn ni wọ́n ń pè ní eclampsia, ó sì wà lára ohun tó ń pa ìyá jù lọ ní ìhà àríwá tí a wà yìí.

Ó máa ń mú ẹni tó lóyún fún ìgbà àkọ́kọ́ ju àwọn yòókù lọ. Ẹni tó lóyún ìbejì, ẹni tó ti ní in rí, ẹni tí ìyá tàbí àbúrò rẹ̀ obìnrin ní in, ẹni tó ti ní ẹ̀jẹ̀ ríru, ìtọ̀ ṣúgà, àìsàn kíndìnrín tàbí fòníkú-fọ̀la-dìde kó tó lóyún, ẹni tó sanra gan-an, ẹni tó ti lé ní ogójì ọdún: kí gbogbo wọn lajú sílẹ̀. Ọmọ ọdún 27 ni mí nígbà náà, mi ò sanra, mi ò ní àìsàn kankan. Oyún àkọ́kọ́ nìkan ni tèmi.

Ìgbésẹ̀ kìíní: ya èyí tó lè dúró sọ́tọ̀

Bó bá jẹ́ ẹsẹ̀ nìkan ló wú, tó jẹ́ ìrọ̀lẹ́ ló máa ń wú lẹ́yìn tí o ti dúró pẹ́ ní ọjà tàbí tí o jókòó sínú súnkẹẹrẹ-fàkẹẹrẹ ọkọ̀ láti AYA ní Àbújá dé ilé, tó sì máa ń fà sẹ́yìn bí o bá sùn jí, ọ̀pọ̀ aboyún ló ń rí i bẹ́ẹ̀. Sọ fún nọ́ọ̀sì lọ́jọ́ àǹtínétà rẹ kí wọ́n wọn BP rẹ.

Àwọn tó wà nísàlẹ̀ yìí kì í dúró de ọjọ́ àǹtínétà. Ọjọ́ tí o bá rí ọ̀kan nínú wọn ni kí o lọ, ìbáà jẹ́ òru:

- orí fífọ́ tó le, tí o lo parasitámọ́ọ̀lù sí tí kò gbọ́
- ojú tó ń ṣú, tó ń rí ìràwọ̀ tàbí iná tó ń kọ mànà, tàbí tó ń rí nǹkan kan ní méjì
- ìrora lábẹ́ egungun ìhà ọ̀tún tàbí ní òkè ikùn gan-an, lábẹ́ àyà
- ojú àti ọwọ́ tó wú lójijì
- èémí tí kò délẹ̀, pàápàá bí o bá dùbúlẹ̀
- èébì tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀ nígbà tí oyún ti dàgbà
- ìtọ̀ tó dín kù gan-an
- ọmọ tí kò yí mọ́ bó ṣe ń yí tẹ́lẹ̀, tàbí ẹ̀jẹ̀ tó ń dà lójú ara

Méjì nínú wọn máa ń tan àwa èèyàn wa jẹ. Èkíní ni orí fífọ́. Ní orílẹ̀-èdè yìí, bí orí bá ti fọ́ èèyàn, ibà ni. A ó ra oògùn ibà ní kẹ́míìsì, a ó lò ó fún ọjọ́ mẹ́ta, a ó máa retí pé yóò lọ. Ibà lè wà níbẹ̀ lóòótọ́, kí wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ wò. Ṣùgbọ́n kí wọ́n kọ́kọ́ wọn BP rẹ kí o tó gbé oògùn ibà kankan mì. Èkejì ni ìrora òkè ikùn. Úlúsà la máa ń pè é. Ọ̀kan nínú àwọn obìnrin tí a jọ wà ní wọ́ọ̀dù ti fi ọjọ́ mẹ́rin mu oògùn úlúsà funfun olómi yẹn nítorí ìrora abẹ́ ìhà ọ̀tún. Ẹ̀dọ̀ rẹ̀ ló ń ké.

Ó sì lè má ṣe ọ́ ní nǹkan kan rárá. Ara rẹ á le, wàá máa ṣiṣẹ́ rẹ lọ, BP á sì ti gòkè. Nítorí èyí ni mo ṣe ń bẹ gbogbo aboyún pé bí ara wọn tilẹ̀ dá ṣáṣá, kí wọ́n má pa ọjọ́ àǹtínétà jẹ lẹ́yìn oṣù karùn-ún.

Ìgbésẹ̀ kejì: wọ̀n ọ́n, kí o sì wọ̀n ọ́n dáadáa

Màá dúró díẹ̀ lórí eléyìí, nítorí ibẹ̀ gan-an ni wọ́n ti fẹ́rẹ̀ẹ́ pa mí lára.

Ọjọ́ méjì ṣáájú ọ̀rọ̀ òrùka yẹn, mo lọ sí ilé ìwòsàn kékeré kan fún àǹtínétà. Èrò pọ̀. Mo gun àtẹ̀gùn dé òkè, nọ́ọ̀sì sì wé nǹkan mọ́ mi lápá bí mo ṣe ń mí hẹlẹhẹlẹ, ó ń bá ẹlòmíràn sọ̀rọ̀, èmi náà ń dá a lóhùn. Ó ka 146 lórí 94. Ó ní, "Wàhálà ọ̀nà ni, ẹ lọ sinmi nílé." Kò tún un wọ̀n. Kò béèrè ìtọ̀. Ó kọ nọ́ńbà náà sí káàdì mi, ó sì pe ẹlòmíràn. Lóòótọ́ ni àtẹ̀gùn lè gbé BP sókè. Ìyẹn gan-an ló fi yẹ kó ní kí n jókòó, kó sì tún un wọ̀n.

Báyìí ni wọ́n ṣe ń wọ̀n ọ́n. Kọ́kọ́ lọ tọ̀, nítorí ìtọ̀ tó kún inú máa ń gbé BP sókè. Má mu kọfí tàbí ohun tó ní kọfí nínú ní ọgbọ̀n ìṣẹ́jú ṣáájú. Jókòó sórí àga tó ní ẹ̀yìn, fi ẹ̀yìn tì í, gbé àtẹ́lẹsẹ̀ méjèèjì lé ilẹ̀, má fi ẹsẹ̀ kan lé èkejì. Sinmi fún ìṣẹ́jú márùn-ún gbáko. Ká apá aṣọ rẹ sókè, má jẹ́ kí wọ́n wé e lé orí aṣọ. Gbé apá lé orí tábìlì tàbí tìmùtìmù kí ó lè wà ní ọ̀gbọọgba pẹ̀lú ọkàn rẹ. Dákẹ́ títí ẹ̀rọ náà yóò fi parí. Dúró fún ìṣẹ́jú kan, kí o tún un wọ̀n, kí o sì kọ méjèèjì sílẹ̀.

Bí apá rẹ bá tóbi, aṣọ tí wọ́n ń wé mọ́ ọn gbọ́dọ̀ tóbi pẹ̀lú, nítorí èyí tó kéré máa ń fi kún nọ́ńbà. Má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni wọ̀n ọ́n lápá tó wà lókè nígbà tí o bá fi ẹ̀gbẹ́ lélẹ̀. Nọ́ńbà irọ́ tó lọ sílẹ̀ ló máa fún ọ, ìyẹn sì burú ju èyí tó gòkè lọ, torí pé ńṣe ni wàá padà sílé lọ sùn.

Bí o bá lè ra ẹ̀rọ tìrẹ, ra èyí tí wọ́n ń wé mọ́ apá lókè ìgbọ̀nwọ́, má ra ti ọrùn ọwọ́. Gbé e lọ sọ́dọ̀ dókítà rẹ kí wọ́n fi wéra pẹ̀lú tiwọn. Bí o kò bá ní, kẹ́míìsì tó dára wà ní Kubwa, Lugbe, Karu àti ibi gbogbo, ọ̀pọ̀ wọn ló ń wọn BP. Jókòó fún ìṣẹ́jú márùn-ún rẹ níbẹ̀ náà. Bí wọ́n bá ń kán ọ lójú, bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n ní sùúrù fún ọ, oyún ni.

Ìgbésẹ̀ kẹta: ohun tí nọ́ńbà náà ń sọ

Nọ́ńbà òkè àti nọ́ńbà ìsàlẹ̀ ni. Bí èyíkéyìí nínú méjèèjì bá gòkè, ó ti gòkè nìyẹn, má dúró dìgbà tí èkejì yóò bá a.

Bí nọ́ńbà òkè kò bá tó 140, tí ti ìsàlẹ̀ kò sì tó 90, tí kò sì sí àmì kankan nínú àwọn tí mo kà yẹn, lọ sùn. Tún un wọ̀n lọ́la. Ṣùgbọ́n bí BP tìrẹ bá ti ń jẹ́ 95 lórí 60 láti ìbẹ̀rẹ̀ oyún, tó wá di 134 lórí 86 lójijì, sọ fún dókítà láìdúró pẹ́. Nítorí ìyẹn ni káàdì ìbẹ̀rẹ̀ oyún ṣe níye lórí.

Bó bá tó 140 lókè tàbí 90 nísàlẹ̀, ọjọ́ náà gan-an ni kí dókítà rí ọ. Wọ́n á tún un wọ̀n lẹ́yìn wákàtí bíi mẹ́rin, wọ́n á sì yẹ ìtọ̀ wò. Bí orí bá ń fọ́ ọ pẹ̀lú rẹ̀ tàbí ojú rẹ bá ń ṣú, má ka wákàtí kankan, dìde.

Bó bá tó 160 lókè tàbí 110 nísàlẹ̀, pàjáwìrì ni, kódà bí ara rẹ bá le bí òkúta. Iṣan inú ọpọlọ lè bẹ́ níbi tó dé yẹn. Má wẹ̀, má se oúnjẹ sílẹ̀ fún ẹnikẹ́ni. Gbé káàdì rẹ kí ẹ máa lọ.

Ìgbésẹ̀ kẹrin: ìtọ̀

Gba ife mímọ́ tónítóní tí kò ní ọṣẹ nínú. Nu ojú ara rẹ, jẹ́ kí ìtọ̀ àkọ́kọ́ dà nù, kí o wá gba ti àárín. Wọ́n á ri páálí tẹ́ẹ́rẹ́ kan bọ̀ ọ́, wọ́n á sì wo àwọ̀ tó yí padà sí. Purotéènì ni wọ́n ń wá. Bí kíndìnrín bá dára, kì í jẹ́ kó jò sínú ìtọ̀. Àmì àròpọ̀ kan, méjì tàbí mẹ́ta ni wọ́n máa kọ, bó bá ṣe pọ̀ sí ló ń jò sí.

Kòkòrò inú ìtọ̀ tàbí omi ojú ara náà lè mú kí páálí yí àwọ̀ padà, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi lè ní kí o lọ ṣe àyẹ̀wò tó jinlẹ̀ jù ú lọ. Ohun tí ọ̀pọ̀ èèyàn kò mọ̀ ni pé ìtọ̀ lè mọ́ kedere kó sì tún jẹ́ pé àìsàn náà wà níbẹ̀. Bí BP bá gòkè tí orí ń fọ́ ọ, má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi ìtọ̀ tó mọ́ rán ọ padà sílé.

Ìgbésẹ̀ karùn-ún: ibi tí o máa lọ, àti bí o ṣe máa débẹ̀

Ilé ìtọ́jú alábọ́ọ́dé àdúgbò dára fún wíwọn BP. Bó bá ti kọjá ìyẹn, ibi tí wọ́n ti lè ṣiṣẹ́ abẹ ní òru, tí ẹ̀jẹ̀ wà, tí magnesium sulphate, oògùn tó ń dènà gìrì, wà, tí wọ́n sì ní ibi ìtọ́jú ọmọ tí oṣù rẹ̀ kò pé ni kí o lọ. Ní Àbújá, ronú nípa National Hospital, ilé ìwòsàn ẹ̀kọ́ṣẹ́ ti Yunifásítì Àbújá ní Gwagwalada, àwọn ti ìjọba ní Wuse, Maitama àti Asokoro, àti ti Kubwa àti Nyanya fún àwa tí a ń gbé lẹ́yìn ìlú. Ẹni tó wà ní Kano ní Aminu Kano àti Murtala Muhammad. Ti Zaria ní Shika, ti Kaduna ní Barau Dikko, ti Jos ní JUTH, ilé ìwòsàn ẹ̀kọ́ṣẹ́ yunifásítì ibẹ̀.

Lọ béèrè nígbà tí ara rẹ ṣì dá. Mo ń sọ èyí pẹ̀lú gbogbo ọkàn mi: má jẹ́ kó jẹ́ alẹ́ tí orí ń fọ́ ọ ni wàá ṣẹ̀ṣẹ̀ máa béèrè bóyá wọ́n ní dókítà lóru. Wọ inú ọgbà wọn ní ọ̀sán gangan, bi agbẹ̀bí tí o bá rí pé, "Ẹ jọ̀ọ́ mà, ṣé ẹ ní magnesium sulphate níbí? Ṣé dókítà máa ń wà lóru?" Bí wọ́n bá ń wò ọ́ bí ẹni tó ń ṣàfojúdi, jẹ́ kí wọ́n máa wò ọ́.

Ọ̀nà wá ńkọ́? Ẹni tó bá ń gbé ní Mararaba tàbí Masaka mọ̀ pé láti aago márùn-ún ìdájí ni ọ̀nà Nyanya ti ń dì. Ọ̀kadà kì í wọ àárín ìlú. Nítorí náà, wá nọ́ńbà awakọ̀ méjì tó ń gbé nítòsí, kí ọkọ rẹ ní i, kí aládùúgbò rẹ náà ní i. Bí awakọ̀ bá jẹ́ Háúsá tí ẹ̀rù sì ti gbé ọ̀rọ̀ gbà lẹ́nu rẹ, gbólóhùn yìí tó: "Ina da juna biyu, hawan jini ne. Mu tafi asibiti da sauri." Oyún wà nínú mi, ẹ̀jẹ̀ ríru ni, jẹ́ ká yára lọ sí ilé ìwòsàn. Kọ ọ́ sórí ìwé kí o fi sínú káàdì. Nọ́ńbà pàjáwìrì ìjọba àpapọ̀ ni 112. Pè é, ṣùgbọ́n má jókòó máa retí bí ọkọ̀ bá wà nílẹ̀.

Nínú báàgì: káàdì àǹtínétà, káàdì ìbánigbófò bí o bá ní i, ìwé tí o kọ BP sí, oògùn tí ò ń lò pẹ̀lú páálí rẹ̀, owó tí ẹ ti yà sọ́tọ̀, aṣọ ọmọ díẹ̀, àti orúkọ ẹni méjì tó lè fún ọ lẹ́jẹ̀.

Ìgbésẹ̀ kẹfà: ohun tí o máa sọ tí o bá débẹ̀

Má bẹ̀rẹ̀ láti orí ìtàn. Dé ọ̀dọ̀ nọ́ọ̀sì àkọ́kọ́ tí o bá rí, kí o sọ ọ́ bí mo ṣe sọ ọ́: "Ẹ kú iṣẹ́ mà. Oyún mi jẹ́ ọ̀sẹ̀ mẹ́tàlélọ́gbọ̀n. BP mi jẹ́ 158 lórí 104 ní wákàtí kan sẹ́yìn. Ojú mi wú, orí ń fọ́ mi, ọmọ ṣì ń yí." Kò tó ìṣẹ́jú kan. Nọ́ọ̀sì tí mo sọ ọ́ fún kò ní kí n lọ tò sẹ́yìn. Ó fà mí lọ́wọ́ wọlé, ó wọ̀n ọ́n: 164 lórí 112. Ìtọ̀ ní àròpọ̀ méjì. Òun náà ló mú òwú ìránṣọ, tó wé e mọ́ ìka mi fínnífínní láti ìsàlẹ̀ òrùka dé ìṣẹ́po ìka, tó sì tú u díẹ̀díẹ̀ títí òrùka fi yọ. Ó fi í sínú ọ̀rá, ó so ó mọ́ báàgì mi, ó ní, "Ẹ ó tún un wọ̀, mà."

Ohun tí wọ́n máa ṣe kò yẹ kó já ọ láyà. Wọ́n á gba ẹ̀jẹ̀ láti wo ẹ̀dọ̀, kíndìnrín àti àwọn èròjà tó ń mú kí ẹ̀jẹ̀ dì. Wọ́n á ṣe skáànù fún ọmọ. Wọ́n á fún ọ ní oògùn tó ń mú BP wálẹ̀: labetalol, nifedipine, hydralazine tàbí methyldopa ni wọ́n sábà máa ń lò fún aboyún. Bí wọ́n bá rò pé gìrì lè dé, wọ́n á fún ọ ní magnesium sulphate. Yóò gbóná bí ó ṣe ń wọlé, bí ẹni da omi ata sínú iṣan. Ojú àti àyà mi gbóná janjan. Wọ́n á máa fi nǹkan lu orúnkún rẹ fẹ́rẹ́, wọ́n á máa ka èémí rẹ, wọ́n á sì máa wọn ìtọ̀ rẹ, kí oògùn náà má baà pọ̀ jù. Má kọ̀ ọ́. Ìwádìí ńlá tí wọ́n pè ní Magpie, tí wọ́n gbé jáde ní 2002 lẹ́yìn tí wọ́n ti ṣe é fún nǹkan bí 10,000 obìnrin ní orílẹ̀-èdè 33, tí Nàìjíríà wà lára wọn, fi hàn pé ó dín gìrì kù ju ìdajì lọ.

Bí oṣù kò bá tíì pé, wọ́n lè fún ọ ní abẹ́rẹ́ tó ń mú kí ẹ̀dọ̀fóró ọmọ tètè gbó. Wọ́n á wá bá yín sọ̀rọ̀ nípa ìbímọ, nítorí pé ìbímọ nìkan ló ń gbé àìsàn yìí lọ. Bí oyún bá ti pé ọ̀sẹ̀ 37, kò sí ohun tí ẹ tún ń dúró dè. Bó bá le gan-an, wọ́n lè má dúró dé ibẹ̀. Kì í ṣe gbogbo ìgbà ni iṣẹ́ abẹ: wọ́n lè fi oògùn mú ìrọbí bẹ̀rẹ̀. Ẹ̀yin ẹbí tí ẹ máa ń pè láti ilé pé kí wọ́n má jẹ́ kí wọ́n gbé ọ̀bẹ sí i, ẹ dákun, ẹ bi dókítà ní ìbéèrè tí ẹ bá ní, kí ẹ má sì fi àkókò ṣòfò.

Ohun tí o kò gbọ́dọ̀ fi wo ara rẹ

Oògùn BP tí bàbá rẹ tàbí ìyá ọkọ rẹ ń lò kì í ṣe tìrẹ. Lisinopril àti losartan máa ń ṣe ọmọ inú ní jàǹbá. Má ra oògùn tó ń mú èèyàn tọ̀ nítorí pé ara rẹ wú. Má lo ibuprofen tàbí diclofenac sí orí fífọ́ yìí. Àgbo, èyíkéyìí tó wù kó jẹ́, kò lè mú BP 160 wálẹ̀ lóru ọjọ́ kan, kò sì sí ẹni tó mọ iye tó wà nínú rẹ̀. Ṣọ́ra fún káún pẹ̀lú. Yíyọ iyọ̀ kúrò nínú ọbẹ̀ pátápátá kò ní wò ó, bẹ́ẹ̀ ni kí o dùbúlẹ̀ sójú kan látàárọ̀ dalẹ́ kò ní wò ó. Gbàdúrà o. Gbà á nínú ọkọ̀ tó ń gbé ọ lọ sí ilé ìwòsàn.

Fún ọkọ àti ẹni tó bá wà nílé: bí gìrì bá mú un

Aboyún tí kò ní wárápá rí, tí oyún rẹ̀ ti lé ní ogún ọ̀sẹ̀, tí ara rẹ̀ wá gan, tí ojú rẹ̀ yí sókè, tó ń gbọ̀n: eclampsia ni kí ẹ kà á sí. Kì í ṣe ayé, kì í ṣe ẹ̀mí àìrí. Ẹ kó ohun tó lè gbá a kúrò nítòsí. Ẹ fi aṣọ tẹ́ abẹ́ orí rẹ̀. Ẹ má dì í mọ́lẹ̀. Ẹ má fi ṣíbí tàbí ìka sí i lẹ́nu, ẹ má rọ àlùbọ́sà, kẹrosíìnì, ìtọ̀ màálù tàbí omi sí i lẹ́nu, ẹ má gbé ẹsẹ̀ rẹ̀ sí iná. Bó bá ti ń rọlẹ̀, ẹ yí i sí ẹ̀gbẹ́ òsì kí itọ́ tàbí èébì má baà há a lọ́nà ọ̀fun. Ẹ wo aago. Kí ẹ wá gbé e lọ, bó ti wù kó rí, kódà bó bá jí tó ní òun ti dá. Kó fi ẹ̀gbẹ́ òsì lélẹ̀ nínú ọkọ̀ títí ẹ ó fi débẹ̀.

Lẹ́yìn ìbímọ, kò tíì tán

Wọ́n bí ọmọ mi ní ọ̀sẹ̀ kan lẹ́yìn tí mo débẹ̀, kílò kan ààbọ̀ ó lé díẹ̀. Mo rò pé ó ti parí. Ní ọjọ́ kẹrin, BP mi tún gun 150.

Bó ṣe máa ń rí nìyẹn. Láàárín ọjọ́ kẹta sí ìkẹfà lẹ́yìn ìbímọ, BP máa ń gòkè, àìsàn náà sì lè ṣẹ̀ṣẹ̀ yọjú títí dé ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, kódà fún ẹni tí kò ní in nínú oyún. Ẹ sì wò ó, ọjọ́ kẹjọ la ń sọ ọmọ lórúkọ! Ilé á kún, ìyá ọmọ kò ní sùn, bí ó bá ní orí ń fọ́ òun, wọ́n á ní ariwo ni. Kí ẹnì kan nínú ilé máa wọn BP rẹ̀ ní gbogbo ọjọ́ wọ̀nyẹn. Gbogbo àmì tí mo kà ní ìgbésẹ̀ kìíní ṣì jẹ́ àmì, àyàfi ti ọmọ tó ń yí.

Àwọn aládùúgbò wa níbí ní inú rere púpọ̀, wọ́n á gbé kunun kanwa, ẹ̀kọ tí wọ́n fi káún sí, wá fún ọ, wọ́n á ní kí o fi omi gbígbóná gan-an wẹ̀ bí tiwọn. Ìyá oníkòsáì mi gbé tirẹ̀ wá nínú ife ńlá. Mo fi ọwọ́ méjèèjì gbà á, mo dúpẹ́ tọkàntọkàn, mo sì ṣàlàyé fún un pé likita, ìyẹn dókítà, ní hawan jini ò fẹ́ káún. Ó gbọ́, ó sì gbé ẹ̀kọ tí kò ní káún wá ní ọjọ́ kejì.

Má dá oògùn BP dúró fúnra rẹ. Padà lọ ní ọ̀sẹ̀ kẹfà kí wọ́n wọ̀n ọ́n, kí wọ́n sì tún yẹ ìtọ̀ wò. Ẹni tó ti ní in lẹ́ẹ̀kan lè ní ẹ̀jẹ̀ ríru lọ́jọ́ iwájú, nítorí náà máa wọ̀n ọ́n lọ́dọọdún.

Bí o bá tún lóyún

Lọ forúkọ sílẹ̀ ní kùtùkùtù, kí oyún tó pé oṣù mẹ́ta, kí o sì sọ ọ́ kí wọ́n tó béèrè. Bi dókítà nípa àspírìn kékeré, 75 sí 150 miligíráàmù lóòjọ́. Fún ẹni tí ewu rẹ̀ ga, wọ́n sábà máa ń bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ láti ọ̀sẹ̀ 12, wọ́n sì fẹ́ kó ti bẹ̀rẹ̀ kí ọ̀sẹ̀ 16 tó kọjá. Bi í nípa kálísíọ́ọ̀mù pẹ̀lú, nítorí pé oúnjẹ ọ̀pọ̀ wa kò ní in tó. Má bẹ̀rẹ̀ èyíkéyìí láìjẹ́ pé wọ́n kọ ọ́ fún ọ.

Ìwé kékeré tí mo kọ BP mi sí ní Mararaba kò sọnù. Ní ọ̀sẹ̀ kẹsàn-án oyún kejì, mo gbé e síwájú dókítà tuntun kan ní Àbújá. Ó ṣí i láti ojú ewé àkọ́kọ́, ó kà á dé òpin láìsọ nǹkan kan, ó wá fa àga rẹ̀ súnmọ́ mi, ó ní kí n gbé apá lé tábìlì, kí n sinmi fún ìṣẹ́jú márùn-ún.